Mọ́tò Tí Ọ̀gá Pàṣẹ Pé Kò Gbọdọ̀ Kàn

Ní iléeṣẹ́ omi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, àga ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń kí kí wọ́n tó kí ẹni tó ni ín. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí agogo mẹ́jọ bá ti lù, gbogbo òṣìṣẹ́ á tò sí àgbàlá bí ọmọ ilé ìwé. Ọkùnrin méjì á gbé àga aláwọ̀ pupa kan jáde láti inú ọ́fíìsì, wọ́n á gbé e ka orí pèpéle, Akọ̀wé á sì figbe ta pé, "Ẹ kí àga Ọ̀gá!" Gbogbo wọn á tẹrí ba: "Ẹ káàárọ̀ o, sà!"

Àga kì í dáhùn. Àga ní ọgbọ́n tirẹ̀.

Ó di ìgbà tí oòrùn bá rí àyè jó àwọn ènìyàn níwájú orí dáadáa kí Ọ̀gá Pátápátá fúnra rẹ̀ tó yọ. Ikùn rẹ̀ á ṣáájú, òun á máa tẹ̀lé e bọ̀. Bàtà funfun ló máa ń wọ̀, nítorí, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wí, ẹni tí kì í tẹ ẹrẹ̀ kò nílò bàtà dúdú. Orúkọ ipò rẹ̀ gùn débi pé Akọ̀wé máa ń mí lẹ́ẹ̀mejì kó tó pè é tán: Alábòójútó Àgbà fún Omi, Ọkọ̀ Agbómi, Ọ̀nà Tí Ọkọ̀ Agbómi Ń Gbà, àti Ohun Gbogbo Tó Bá Tutù. Ìjọba ló fún un ní ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òun ló fún ara rẹ̀ ní mẹ́ta tó kù.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi," Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé kan, "kí n tó dé iléeṣẹ́ yìí, ṣé omi mọ ọ̀nà?"

"Rárá o, sà!"

"Ta ló kọ́ omi bí wọ́n ṣe ń ṣàn?"

"Ẹ̀yin ni, sà!"

Kọ̀, kọ̀, kọ̀, kọ̀.

Ọ̀gá dákẹ́, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ta ló ń dá mi lóhùn?"

Ní ìkángun àgbàlá, mọ́tò agbómi tí wọ́n ń pè ní Màmá Arúgbó dúró lójú kan, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, inú rẹ̀ sì ń kàn bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí fún.

Akọ̀wé, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kì í sùn tó bá di ọ̀rọ̀ àpọ́nlé, fò síwájú. "Mọ́tò ni, sà. Ó ń pàtẹ́wọ́ fún yín."

Ojú Ọ̀gá rọ̀ díẹ̀. Ó ronú sí i, ojú náà tún le. "Kí ló dé tó fi ń pàtẹ́wọ́ níbi tí mi ò tíì sọ ohun tó dáa?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lè rẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó ní ọmọ nílé kì í rẹ́rìn-ín níwájú irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀.

Bàbá Sùpánà, mẹkáníìkì iléeṣẹ́ náà, dúró lẹ́bàá mọ́tò, ó di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, kò sì gbọ́ ohun tí Ọ̀gá ń sọ rárá. Màmá Arúgbó ló ń gbọ́. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ń gbọ́ ọ, ó sì mọ ohùn rẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń mọ ikọ́ ìyàwó rẹ̀ láti yàrá kejì. Ikọ́ yìí kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà sì kàn án ju ẹnikẹ́ni lọ. Màmá Arúgbó nìkan ló kù tó ń gbé omi lọ sí ilé ìwòsàn aláboyún tó wà lórí òkè, níbi tí omi ẹ̀rọ kò ti lágbára láti gùn dé. Ọmọ Bàbá Sùpánà, àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin, wà níbẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Oyún méjì ti bọ́ lára rẹ̀ sẹ́yìn. Ìkẹta yìí dúró, ṣùgbọ́n ọmọ náà kọ̀, kò yí orí sísàlẹ̀. Àwọn dókítà ti ní abẹ làwọn máa fi gbé e jáde ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta sí àsìkò náà. Nọ́ọ̀sì àgbà sì ti là á mọ́lẹ̀ fún bàbá rẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "tí táńkà wa bá gbẹ lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan abẹ o. A ò lè fi itọ́ fọ ọwọ́."

Nígbà tí wọ́n ti gbé àga wọlé, tí ẹni tó ni ín náà ti tẹ̀lé e, Bàbá Sùpánà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Jẹ́jẹ́, awakọ̀, jókòó sídìí sítíárì. Wọ́n sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́ nítorí pé kò sí ẹni tó rí i kó sáré rí, àní nígbà tí ajá lé e.

"Bàbá, ṣé àìsàn ikú ni àbí òtútù?" Jẹ́jẹ́ bi í.

"Panu mọ́ ná. Aláriwo kì í gbọ́ ohùn aláìsàn."

Bàbá Sùpánà mú sukudiráfà gígùn kan, ó fi ẹnu rẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnì, ó sì gbé ìdí rẹ̀ sí etí. Ó fi kan òkè, ó gbọ́ tíkí-tíkí, ìyẹn kò burú, ohùn ọjọ́ ogbó ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi kan ìsàlẹ̀, níbi tí ọ́ìlì ń gbé. Ibẹ̀ dákẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, nítorí ìró tó bá ti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì wá, ìró pósí ni. Àárín ni ọ̀rọ̀ wà.

Ó wá mú sùpánà. Ilé mẹ́fà ló wà nínú ẹ́ńjìnì náà tí iná ti ń jó, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ń gbé dísẹ́ẹ̀lì lọ sí ilé kọ̀ọ̀kan. Ó tú nọ́ọ̀tì páìpù kìn-ín-ní díẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì tú jáde, mọ́tò náà sì gbọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bíi tábìlì tí wọ́n yọ ẹsẹ̀ kan lára rẹ̀. "Ìyẹn ń ṣiṣẹ́," ó ní, ó dè é padà. Ìkejì náà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó tú ìkẹta, gbígbọ̀n náà kò yàtọ̀ rárá, ṣùgbọ́n kọ̀-kọ̀-kọ̀ dákẹ́ lójijì, bí ọmọ tí wọ́n fi ọmú sí lẹ́nu.

"Hẹn-ẹn," ni Bàbá Sùpánà wí. "Ìwọ nìyí."

"Ta ni?"

"Nọ́súlù kẹta. Ó yẹ kó máa fọ́n dísẹ́ẹ̀lì bí ìrì. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ń tọ̀ ọ́ sílẹ̀ bí ọmọdé. Iná ń gbá èyí tó kó jọ lẹ́ẹ̀kan náà, òun lo gbọ́ tó ń kàn. Ilé kẹta ò sì gbé ẹrù tiẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo ara ẹ̀ fi ń gbọ̀n tó bá dúró."

"Ṣé ó máa pa á?"

"Tá a bá pààrọ̀ ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, Màmá Arúgbó máa sin èmi àtìwọ. Tá a bá fi sílẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì á máa jò wọ inú ọ́ìlì, ọ́ìlì á di omi lásán, irin á sì máa jẹ irin."

Nọ́súlù kan kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ìbuwọ́lù Ọ̀gá ni wọ́n fi ń gba tuntun ní yàrá ẹrù. Bàbá Sùpánà fọ ọwọ́ rẹ̀, ó mú ògbólógbòó nọ́súlù kan dání láti fi ṣàpẹẹrẹ, ó lọ.

Àwòrán Ọ̀gá mẹ́rin ló wà lára ògiri ọ́fíìsì náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wo ìkejì rẹ̀ tìyanu-tìyanu. Ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ kí àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó tó kí aláàyè. Bàbá Sùpánà kí wọn tán.

"Ọ̀rọ̀ Màmá Arúgbó ló gbé mi wá, sà. Mo ti rí ohun tó ń ṣe é."

"O rí i?" Ọ̀gá Pátápátá, tí ọmọ rẹ̀ àkọ́bí kò tíì bẹ̀rẹ̀ irùngbọ̀n nígbà tí Bàbá Sùpánà ti ní ọmọ-ọmọ, kì í fi "ẹ" pe ẹnikẹ́ni. "Ta ló fún ọ láṣẹ kó o rí nǹkan?"

"Ẹ má bínú, sà. Eléyìí ni." Ó gbé nọ́súlù náà ka orí tábìlì.

Ọ̀gá fi ìdí bírò rẹ̀ yí i síwá yí i sẹ́yìn bí ẹni tó rí aáyán. "Eléyìí? Mọ́tò tó tóbi tó ilé, tó wà lábẹ́ ènìyàn tó tóbi tó èmi, kí àìsàn rẹ̀ wá kéré báyìí? O fẹ́ bú mi ni?"

"Rárá o, sà. Eyín kan ṣoṣo ló máa ń mú kí gbogbo orí máa fọ́ni."

"Ìbuwọ́lù mi gùn ju nǹkan yìí lọ! Gbọ́, ọ̀gbẹ́ni, èmi kì í buwọ́ lu nǹkan kékeré. Ohun tí mo buwọ́ lù kẹ́yìn, afárá ni!"

"Afárá ńlá, sà," Akọ̀wé gbè é láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.

Ká sọ òótọ́ fún Ọlọ́run, pákó méjì ni afárá ọ̀hún. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí gọ́tà kí bàtà funfun má baà tutù.

"Ọ̀rọ̀ ńlá ń fẹ́ ojútùú ńlá," Ọ̀gá wí, ó dìde dúró, àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dà bí ẹni pé wọ́n dìde pẹ̀lú rẹ̀. "Mo gbé ìgbìmọ̀ dìde!"

Ènìyàn méjì péré ni ìgbìmọ̀ náà: Akọ̀wé, àti àbúrò ìyàwó Ọ̀gá, tí gbogbo iléeṣẹ́ ń pè ní Àna. Fíríìjì ni Àna máa ń tún ṣe. Wọ́n jókòó sínú yàrá tútù fún odindi ọjọ́ mẹ́rin. Wọn kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, nítorí gíríìsì wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n wa mọ́tò wá sí iwájú fèrèsé kí àwọn lè wò ó lójú, wọ́n sì wò ó lójú. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n kọ ìwé olójú ewé mọ́kànlélógún, ìwé náà sì sọ pé mọ́tò kì í ṣàdédé kàn, pé ẹni tó ń gbọ́ ọ ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò.

Ní ọjọ́ Ajé kejì, wọ́n kí àga, Ọ̀gá sì yọ tòun ti ìwé náà lábẹ́ abíyá.

"Mo ti wò ó," ó ní. "Mo ti rò ó. Mo sì ti pa á láṣẹ. Láti agogo mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógún òní lọ, mọ́tò yìí kò gbọdọ̀ kàn mọ́!"

Kọ̀, kọ̀, kọ̀, kọ̀.

"Ǹjẹ́ ẹ gbọ́ nǹkan kan?"

Àwọn ènìyàn wo ilẹ̀. Akọ̀wé ló kọ́kọ́ ké, àwọn tó kù sì gbè é: "A ò gbọ́ nǹkan kan, sà!"

"Jẹ́jẹ́, ìwọ tó o ń wà á ńkọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, sà."

Wọ́n ra ìwé ńlá kan tó ní èèpo dúdú. Láràárọ̀, kí Màmá Arúgbó tó jáde, gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró yí i ká nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì buwọ́ lù ú lọ́kọ̀ọ̀kan pé àwọn kò gbọ́ ìró. Wọ́n ń tò bí ẹni tó fẹ́ gba àjẹsára. Ohùn ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ròkè kó tó bo ìró tí kò sí mọ́lẹ̀.

Nígbà tí ìwé dé ọ̀dọ̀ Bàbá Sùpánà, ó pa á dé, ó dá a padà.

"Ẹ forí jì mí, sà. Etí yìí ni mo fi tọ́ ọmọ márùn-ún. Mi ò lè ní kó má gbọ́ lónìí, kí n tún wá ní kó gbọ́ lọ́la."

"Ẹ gba sùpánà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí!" Ọ̀gá bú. "Ẹni tó fẹ́ràn àtimáa gbọ́ ohun tí kò sí, ẹ lọ fi í sídìí ohun tí kì í sọ̀rọ̀!"

Bí wọ́n ṣe gbé Bàbá Sùpánà lọ sí iwájú ọ́fíìsì nìyẹn, pé kó máa bomi rin òdòdó. Ike ni àwọn òdòdó náà. Èyí tó jẹ́ gidi ti kú ní ọdún tí Ọ̀gá dé, wọ́n sì fi ike rọ́pò rẹ̀ kí inú rẹ̀ má baà bàjẹ́. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ní ìlú tí àwọn aláboyún ti ń fi ife wọn omi, àgbà mẹkáníìkì ń fi agolo da omi sórí ike. Ó ń dà á, ètè rẹ̀ ń mì. Àwọn tó ń kọjá rò pé ó ń ṣépè. Àdúrà ló ń gbà.

Àna gba sùpánà. Kò mọ ibi tí wọ́n ń fi í sí, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń dùn mọ́ àna ẹni nínú. Ó fa ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnì jáde, ó sì da ọ́ìlì jíà sínú rẹ̀, èyí tó ki bí oyin. Ó tún fi wáyà so ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí mọ́tò lè sáré, kí ẹ́ńjìnì má lè rọlẹ̀ mọ́, kí wọ́n má baà rí i kó máa gbọ̀n. Màmá Arúgbó wá ń ké ramúramù láti òwúrọ̀ dalẹ́, ó dúró ni o, ó ń lọ ni o. Kọ̀-kọ̀-kọ̀ náà sì rọlẹ̀ lóòótọ́. Tí wọ́n bá fi ìrọ̀rí bo ẹnu ẹni tó ń pariwo "ẹ gbà mí," òun náà á rọlẹ̀.

Ọ̀gá bọ Àna lọ́wọ́ níwájú gbogbo ènìyàn. Akọ̀wé ní láti ìgbà tí wọ́n ti dá ayé, kò tíì sí ẹni tó bá irin wí tí irin gbọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kẹta, Bàbá Sùpánà ń bomi rin ike nígbà tí Màmá Arúgbó kọjá níwájú rẹ̀. Agolo ọwọ́ rẹ̀ dúró lófurufú. Lábẹ́ ariwo náà, nísàlẹ̀ pátápátá, ó gbọ́ gbì... gbì... gbì.

"Olúwa," ó ní, "má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ Ọjọ́bọ̀."

Ọjọ́bọ̀ mọ́. Láti olú-iléeṣẹ́, wọ́n ti kọ̀wé pé Olùbẹ̀wò kan ń bọ̀ wá wo bí omi ṣe ń dé ilé ìwòsàn. Ọ̀gá ti ní kí wọ́n gbé àga jáde bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọjọ́ Ajé. Obìnrin kúkurú kan tó gbé báàgì aṣọ kọ́ apá wọlé láti gẹ́ètì, ó rí àga tó ṣófo, ẹsẹ̀ ń dùn ún, ó jókòó.

"Ẹ kí àga Ọ̀gá!" Akọ̀wé ké láìwo ẹ̀yìn.

"Ẹ káàárọ̀ o, sà!"

"Ẹ káàárọ̀," ni àga dáhùn.

Bí Olùbẹ̀wò ṣe dé nìyẹn. Kò pariwo, kò sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Ọ̀gá Pátápátá sáré jáde, tí ikùn àti òun jọ dé lẹ́ẹ̀kan náà fún ìgbà àkọ́kọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í.

"Ṣé omi ń dé ilé ìwòsàn?"

"Omi? Ìyáàfin, wọ́n ń wẹ̀ níbẹ̀ títí ara wọn fi ń bó! Àwọn aláboyún ti bẹ̀ wá pé kó tó!"

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

"Ẹ rọ omi kún Màmá Arúgbó!" Ọ̀gá pàṣẹ. "Kó kún dé ẹnu! Èmi fúnra mi ni màá jókòó níwájú rẹ̀ lónìí!"

Bàbá Sùpánà ju agolo sílẹ̀. Ó sáré, ẹni tí kò sáré láti ọdún mẹ́wàá, ó sì dúró níwájú mọ́tò pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lókè.

"Sà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó kún. Ìdajì tó. Ẹ jẹ́ kí Jẹ́jẹ́ rọra fi jíà kìn-ín-ní gun òkè. Irin ń jẹ irin nísàlẹ̀ níbẹ̀yẹn. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ mi lónìí, sà!"

"Ta nìyí?" Ọ̀gá bi Akọ̀wé, bí ẹni pé kò rí i rí.

"Abomirin-ike ni, sà."

"Ẹni tó ń bomi rin ike ló fẹ́ kọ́ mi ní mọ́tò? Ẹ tì í kúrò!"

Wọ́n tì í kúrò níwájú. Ẹnikẹ́ni ò ní kó má lọ sẹ́yìn. Bí mọ́tò ṣe ń jáde ní gẹ́ètì, ó di àtẹ̀gùn ẹ̀yìn táńkà mú, ó gun orí rẹ̀. Mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ Olùbẹ̀wò, tó ti ń dúró dè é lẹ́yìn gẹ́ètì, ń tẹ̀lé wọn, Akọ̀wé àti Àna jókòó sínú rẹ̀, Akọ̀wé gbé ìwé dúdú lé ẹsẹ̀ láti fi yangàn.

Jẹ́jẹ́ ló sọ fún Bàbá Sùpánà lẹ́yìn náà bó ṣe lọ níwájú. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè, Jẹ́jẹ́ já jíà sílẹ̀, ó ń rọra gùn ún.

"Kí ló dé tó o fi ń wà á bí ẹni tó ń gbé òkú?" Ọ̀gá ní. "Olùbẹ̀wò wà lẹ́yìn wa! Tẹ̀ ẹ́!"

"Sà, mo ń gbọ́..."

"Kí lo ń gbọ́?"

Jẹ́jẹ́ ní ìyàwó, ó ní ọmọ, ó sì ti buwọ́ lùwé láàárọ̀ mẹ́sàn-án. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan, sà."

"Tẹ̀ ẹ́ nígbà náà!"

Ó tẹ̀ ẹ́. Gbì di gbà, gbà di gbàgà, lẹ́yìn náà ni ohun kan dún nínú Màmá Arúgbó bí ìgbà tí wọ́n já ilẹ̀kùn irin sílẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Irin kan lu ara ẹ́ńjìnì jáde, ọ́ìlì dúdú tú sójú ọ̀nà, èéfín funfun bo gbogbo wọn. Mọ́tò dúró gbọin. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọra yí padà sẹ́yìn tòun ti omi inú rẹ̀. Jẹ́jẹ́ fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró lórí bíréèkì. Bàbá Sùpánà ti bẹ́ sílẹ̀, ó gbé òkúta ńlá kan sẹ́yìn táyà, ó tún gbé òmíràn tì í. Ó dúró.

Wọ́n ń wo gẹ́ètì ilé ìwòsàn lókè. Kò jìnnà ju ibi tí ènìyàn lè kígbe dé lọ.

Olùbẹ̀wò sọ̀ kalẹ̀. "Kí ló ṣe mọ́tò?"

"Ó ń sinmi ni, Ìyáàfin," Ọ̀gá wí, ó ń fi háńkáṣíìfù nu iwájú orí. "Mọ́tò wa máa ń sinmi níbí, kó lè wo àyíká."

"Ó ń tẹrí ba fún yín ni, ma," Akọ̀wé fi kún un.

Olùbẹ̀wò wo ọ́ìlì tó ń ṣàn lọ sábẹ́ bàtà rẹ̀. "Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún mi."

Ọ̀gá Pátápátá, Alábòójútó Àgbà fún Ọkọ̀ Agbómi láti ọdún mọ́kànlá, rìn lọ síwájú mọ́tò, ó wò ó. Ó fọwọ́ kan iná rẹ̀. Ó fa wáípà. Ó yí mọ́tò náà po bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn ilé tó ní òun lòun kọ́ ọ. Nígbà tó dé ẹ̀yìn, ó rí irin rìbìtì kan tó ṣeé dì mú, ojú rẹ̀ là. "Ẹ̀hẹ́n! Òun nìyí!" Ó fi gbogbo agbára yí i.

Ẹnu táńkà ló ṣí. Omi tú jáde gbùù, ó gbá a lẹ́sẹ̀, ó sì ń sáré lọ sísàlẹ̀ òkè.

"Omi ọmọ mi!" Bàbá Sùpánà fi èjìká gbá Ọ̀gá sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rọ̀ mọ́ irin náà, ó yí i, ó yí i, títí omi fi dá. Ó fi etí lé ara táńkà, ó fi ìka lù ú láti òkè bọ̀ sísàlẹ̀. "Ó ku ìdajì," ó ní. "Ọpẹ́ ni. Ìdajì wà níbẹ̀."

Nọ́ọ̀sì àgbà ti rí wọn láti gẹ́ètì. Kó tó ṣẹ́jú, àwọn obìnrin ti ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú garawa àti báàfù, àwọn ìyá aláboyún, àwọn alágbàfọ̀, ẹni tó wá kí ènìyàn, wọ́n sì tò láti ìdí táńkà dé òkè, wọ́n ń na garawa sí ara wọn.

"Ẹ̀yin bàbá oníbàtà funfun," nọ́ọ̀sì àgbà pariwo, "tẹ́ ẹ ò bá ní gbé garawa, ẹ kúrò lọ́nà!"

Kò sí ẹni tó bá Ọ̀gá Pátápátá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó kúrò lọ́nà.

Olùbẹ̀wò ti gba ìwé dúdú lọ́wọ́ Akọ̀wé. Ó ṣí i lójú ewé kìn-ín-ní, ó ṣí i lójú ewé kẹsàn-án. A kò gbọ́ ìró. A kò gbọ́ ìró. Ó ka orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́, ó sì fi ìka dúró sí àyè mẹkáníìkì, tó ṣófo lójú ewé kọ̀ọ̀kan.

"Ta ni mẹkáníìkì?"

"Èmi ni, ma," Bàbá Sùpánà dáhùn, kò kúrò nídìí táńkà. "Tẹ́lẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò buwọ́ lù ú?"

"Mo gbọ́ ọ, ma."

"Kí ló ń ṣe é?"

"Nọ́súlù kan ni. Kò ju ìka yín lọ. Mo béèrè, wọn ò fún mi."

Olùbẹ̀wò pa ìwé dé, ó sì na ọwọ́ sí Ọ̀gá Pátápátá. "Ẹ fún mi ní òǹtẹ̀ ọ́fíìsì."

"Ìyáàfin, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìgbìmọ̀ kan tó ní làákàyè..."

"Ẹ pàṣẹ pé kí mọ́tò má kàn mọ́," obìnrin náà wí. "Ó ti gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Kí ló tún kù?"

Ọ̀gá yọ òǹtẹ̀ nínú àpò, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

Akọ̀wé ti bọ́ síwájú. "Ma, èmi ti ń gbọ́ ọ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Mo kàn ń fi sínú ni." Ó nawọ́ sí Ọ̀gá. "Ọkùnrin yìí, onígbèéraga paraku ni!"

"Ìwé ọwọ́ mi yìí, ta ló kọ ọ́?" Olùbẹ̀wò bi í.

"Èmi... wọ́n ní kí n kọ ọ́ ni, ma."

"Ìwọ náà, kó kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì wá."

Wọ́n wá Àna títí. Àna ti rántí fíríìjì ẹnì kan tó ń dúró dè é.

Oòrùn ti kọjá àtàrí nígbà tí nọ́ọ̀sì àgbà ṣí ilẹ̀kùn tó sì ní kí Bàbá Sùpánà máa bọ̀. Ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ funfun díẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ mímọ́ wé nǹkan kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ń ké kíkankíkan. Bàbá Sùpánà tẹ etí sí igbe náà. Igbe tó jáde láti inú ẹ̀dọ̀fóró tó dára ni.

"Bàbá," ọmọ rẹ̀ wí, ó ń rẹ́rìn-ín, "wọ́n ní mọ́tò yín ń wúkọ́?"

"Ó kú, ọmọ mi."

"Omi ńkọ́?"

"Ó dé."

Ní àsìkò yẹn gan-an, Ọ̀gá Pátápátá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè náà, òun nìkan. Olùbẹ̀wò ti gbé òǹtẹ̀ àti ìwé dúdú lọ, kò sì bi í bóyá ó fẹ́ wọkọ̀. Jẹ́jẹ́ ń gbé garawa. Bàtà funfun ti mu omi yó. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kan, á dún fọ̀ṣọ̀. Bó bá gbé ìkejì, á dún fọ̀ṣọ̀. Àwọn obìnrin tó ń gbé garawa òfìfo bọ̀ yíjú wò ó. Ó dúró, ó ṣe bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀run, títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá. Ó rọra gbé ẹsẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jí ẹran nínú ìkòkò.

Fọ̀ṣọ̀.

Kò sí ẹni tó wà lójú ọ̀nà náà tí kò gbọ́ ọ.